Ìbọn P.38 tí a jogún: báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, èló ló sì tó?

Ìyá Ìbejì TX:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ mi jogún ìbọn ìléwọ́ P.38 kan, irú tí àwọn ológun Jámánì ń lò. Bàbá àgbà rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló mú un bọ̀ láti Yúróòpù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà kí bàbá tó kú, ìwé ìhágún sì sọ ọ́ ní pàtó pé ọkọ mi ni kó gbà á. Georgia ni ìbọn wà, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń bójú tó ogún. Texas ni àwa ń gbé, ṣùgbọ́n ọkọ mi wà ní Georgia lọ́wọ́ báyìí, ó sì lè wo ohunkóhun tí ẹ bá ní kó wò.

Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí. Lápá òsì irin òkè: P.38, nọ́ńbà 53xx t (èmi ni mo fi xx bo méjì tó kẹ́yìn), lẹ́yìn náà byf, tí 44 wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lápá ọ̀tún: ẹyẹ idì kékeré mẹ́ta, méjì ní 135 lábẹ́, èyí àárín ní àmì Násì. Mágásíìnì kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú rẹ̀, P.38 àti idì pẹ̀lú 359 ló wà lára rẹ̀. Irin òkè dúdú, ṣùgbọ́n ara ìsàlẹ̀ rí bí eérú tó fẹ́ dà bí àwọ̀ ewé, ẹnì kan sì ti sọ fún wa pé wọ́n ti tún un kùn. Àpò awọ dúdú kan wà tí wọ́n tẹ 1943 sí lẹ́yìn, àti ìwé kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tó ní kí ológun náà máa mú ìbọn Jámánì kan lọ sílé. Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà ìbọn níbẹ̀. Ìtàn ẹbí ni pé Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ló ti gbà á lóṣù kẹfà 1944.

Ìpẹtà díẹ̀ wà lẹ́bàá ẹnu ìbọn. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ fi Brasso nù ún. Ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan ti ní òun á san 500 dọ́là. Ṣé ojúlówó ni? Ṣé iye yẹn dára? Báwo la ṣe máa gbé e dé Texas láì rú òfin?

Alágbẹ̀dẹ08:

Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé kó gbé Brasso padà síbi tó ti mú un. Màá dé orí ìpẹtà. Èyí tó ṣáájú ni ká mọ̀ dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn náà, torí ìbọn tó pẹ́ nínú àpótí, a kì í fi ẹnu lásán sọ pé òfìfo ni.

Mágásíìnì P.38 kì í jáde bíi ti ìbọn òde òní tí a ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíríígà. Ìdí èèkù, lápá ẹ̀yìn, ni irin tó dì í mú wà. Kí wọ́n kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò léwu, kí ìka wọn jìnnà sí tíríígà, kí wọ́n ti irin ìdí èèkù yẹn sẹ́yìn, kí wọ́n fa mágásíìnì yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fa sláìdì (irin òkè yẹn) sẹ́yìn dé òpin. Tí mágásíìnì ò bá sí nínú rẹ̀, kò ní dúró sẹ́yìn fúnra rẹ̀, àfi kí wọ́n fi àtàǹpàkò ti irin kékeré tó wà lápá òsì lókè èèkù sókè kó lè há a. Kí wọ́n wo inú ihò ọta nínú ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì ki orí pẹ́ńsù bọ̀ ọ́. Irin tíńrín kan wà lókè òòlù (irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń gbá abẹ́rẹ́ ìbọn), ó máa ń yọrí síta tí ọta bá wà nínú ihò. Tó bá yọ, ẹ gbà á gbọ́, tí kò bá yọ, ẹ má gbà á gbọ́, torí òróró tó ti gbẹ lè há a mọ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ má ṣe fi irin ìdènà tó wà lẹ́yìn sláìdì sọ òòlù kalẹ̀ nígbà tí ọta wà nínú ihò. Tí a bá tẹ irin yẹn sílẹ̀, òòlù á já wálẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí kò sì ní jẹ́ kó yìn ni irin róbótó inú sláìdì tó ń di abẹ́rẹ́ ìbọn mú. Tí irin yẹn bá ti jẹ tàbí tó sán, abẹ́rẹ́ á lọ gún ọta. Àṣìṣe yìí ti mú kí P.38 yìn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n fi ìkánjú ṣe lópin ogun.

Tó bá ti dájú pé òfìfo ni, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí òógùn ọwọ́ níyọ̀, iyọ̀ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ìpẹtà. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lójúmọmọ lẹ́bàá fèrèsé, láì lo iná kámẹ́rà: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè, ìsàlẹ̀, òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtòsí. Fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i yìí wúlò fún ẹni tó máa díye lé e, ó wúlò fún adójútòfò, ó sì wúlò tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn lọ́la.

Ó kan ìpẹtà. Àwọ̀ ara irin yẹn ni owó ibẹ̀. Brasso ní iyẹ̀pẹ̀ tíntìntín tó ń họ irin. Bó ṣe ń yọ ìpẹtà ló ń yọ àwọ̀ ilé iṣẹ́, ó sì ń sọ etí òǹtẹ̀ di pẹlẹbẹ. Òróró ìbọn fífúyẹ́ ni kí wọ́n kán sí ojú ìpẹtà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n fi aṣọ òwú nù ún. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi igi ìtayín rọra họ ọ́ pẹ̀lú òróró púpọ̀. Tí kò bá lọ mọ́, kó wà bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà tí òróró ti pa kò ní tàn mọ́, ẹni tó ń kó irú ìbọn yìí jọ á sì fara mọ́ ọn ju ojú tó ń dán lọ. Ẹ má dá ìbọn náà padà sínú àpò awọ o. Awọ máa ń fa omi mọ́ra, oògùn tí wọ́n fi ṣe é sì máa ń jẹ irin. Àpò lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìdì silica gel tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu.

Òǹtẹ̀Irin:

Ẹni tó sọ pé wọ́n tún un kùn kò mọ P.38, àfi tí fọ́tò bá wá fi nǹkan mìíràn hàn. Ẹ jẹ́ ká kà á bí àwọn tó ṣe é ṣe kọ ọ́.

byf ni orúkọ ìbòjú ilé iṣẹ́ Mauser ní Oberndorf am Neckar. Nígbà ogun, àwọn Jámánì kì í tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sára ohun ìjà, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tó máa ju bọ́ǹbù sí. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣe P.38 fún ogun náà. Walther ní Zella-Mehlis ń tẹ ac (lọ́dún 1940, 480 ló kọ́kọ́ lò, èyí sì ṣọ̀wọ́n gan-an). Mauser ń tẹ byf títí di 1945 tó yí sí svw. Spreewerk ní Grottau ń tẹ cyq, kò sì fi ọdún sí tirẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ idì ni ti àwọn ayẹ̀wòṣẹ́ ìjọba tó wà ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: 359 fún Walther, 135 fún Mauser, 88 fún Spreewerk. byf àti 135 lẹ rí lára ìbọn kan náà, ó bára mu. Idì àárín tó ní àmì Násì ni òǹtẹ̀ pé wọ́n ti yìn ín dán wò.

44 ni ọdún, 1944. Lẹ́tà t tó tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ara nọ́ńbà ni. Wọ́n á kà láti 1 lọ sí bí 10,000 láì fi lẹ́tà sí i, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 pẹ̀lú a, lẹ́yìn náà b, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí 53xx lásán kò fi ní ìtumọ̀: a lè rí ọ̀pọ̀ ìbọn tó ní nọ́ńbà yẹn. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, yálà ìwé ogún tàbí ti adójútòfò, ẹ kọ byf 44, nọ́ńbà, àti lẹ́tà pọ̀.

Ní ti àwọ̀. Nígbà tó di apá ìparí 1944, Mauser bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́sífétì (oògùn tó ń fún irin ní àwọ̀ eérú) bo àwọn ẹ̀yà kan, torí ó yá ju kí wọ́n máa dán irin kí wọ́n tó rẹ ẹ́ dúdú. Ẹ̀yà tó jáde pẹ̀lú àwọ̀ àtijọ́ àti ẹ̀yà tó jáde pẹ̀lú fọ́sífétì wá ń pàdé lára ìbọn kan náà. Àwọn akójọ (àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ) máa ń pè é ní dual tone, aláwọ̀ méjì, wọ́n sì máa ń wá a. Sláìdì dúdú lórí fírémù (ara ìsàlẹ̀) aláwọ̀ eérú lára byf 44 tí lẹ́tà rẹ̀ ti dé t, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí Brasso ì bá ti ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ etí òǹtẹ̀ wò pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi. Tí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ sára irin, irin máa ń wú díẹ̀ yí i ká, èèyàn sì lè fi èékánná mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ti dán an kí wọ́n tó tún un kùn, wíwú yẹn á ti lọ, etí lẹ́tà á ti yọ́, ẹ ó sì rí àwọ̀ tuntun nínú kòtò òǹtẹ̀. Lára ìbọn ọdún 1944, ojú ipa ẹ̀rọ tó gbẹ́ irin máa ń hàn kedere lára fírémù. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Tí fírémù 1944 bá ń yọ̀ bíi dígí, ìgbà yẹn ni kí ẹ fura.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ọkọ yín wá báyìí.

Ìkíní, nọ́ńbà lórí sláìdì, lára fírémù lápá òsì lókè ibi tíríígà, àti lára ọ̀pá ìbọn níbi tó nípọn nísàlẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà. Láti rí ti ọ̀pá dáadáa: kí ó há sláìdì sẹ́yìn, kí ó yí irin kékeré tó wà níwájú fírémù lápá òsì wálẹ̀, kí ó di sláìdì mú gírígírí kí ó tó tú u sílẹ̀, kí ó fà á síwájú kúrò lára fírémù. Lẹ́yìn náà kí ó dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ó tẹ irin róbótó kékeré tó wà lẹ́yìn ọ̀pá; ìdábùú (irin tó ń ti ọ̀pá mọ́ sláìdì) á wálẹ̀, ọ̀pá á sì yọ síwájú. Kó dúró síbẹ̀. Kó má tú páànù tó wà lókè ẹ̀yìn sláìdì, torí sípíríìnì kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa fò lọ. Kó má sì tú èèkù láìnídìí: ìdè (síkúrúù) kan ṣoṣo ló di apá èèkù méjèèjì mú, ìtúdè tí kò bá kún ojú rẹ̀ á bà á jẹ́, bákéláìtì (irú ike tí wọ́n fi ṣe èèkù) sì máa ń sán níbẹ̀.

Ìkejì, orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan pẹ̀lú ìlú àti ìpínlẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní lẹ́tà tíntìntín sí ọ̀pá tàbí fírémù. Lẹ́yìn òfin ìbọn ti 1968, àwọn tó ń kó ìbọn wọlé gbọ́dọ̀ fi àmì wọn sí i. Tí irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìbọn náà kì í ṣe èyí tí ológun kan mú bọ̀ ní 1945, ìwé tó bá a rìn sì di ìwé ìbọn mìíràn.

Ìkẹta, àmì X, ìràwọ̀, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi iná kọ sára mágásíìnì àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké. X àti àwọ̀ dúdú tí wọ́n ri gbogbo ẹ̀yà bọ̀ sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tí Rọ́ṣíà kó tí wọ́n sì tún ṣe. Ìràwọ̀ olórígun márùn-ún jẹ́ ti Faransé: wọ́n gba Oberndorf lóṣù kẹrin 1945, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀ di 1946.

Fún àwọn mìíràn tó ń kà á: tí tiyín kò bá ní òǹtẹ̀ Násì, ẹ fi òòfà kan fírémù. Tí òòfà ò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, a jẹ́ pé P.38 tàbí P1 tí Walther ṣe lẹ́yìn ogun ni ó wà lọ́wọ́ yín, iye rẹ̀ yàtọ̀.

Akọ̀wéOgún:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti òfin kúrò nílẹ̀.

Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ kan kò lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn láì gba ọwọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì, ìyẹn FFL. Ogún ni wọ́n yọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé ìhágún ló fún un, tàbí òfin ogún níbi tí kò sí ìwé, ajogún lè gbà á tààrà, bí òfin ìpínlẹ̀ tó ń gbé bá gbà fún un láti ní in. Ẹ̀bùn kò sí nínú ìyọsílẹ̀ yìí. Ká ní bàbá fún un nígbà tó wà láàyè láti Georgia sí Texas, FFL ni ì bá gbà kọjá.

Georgia àti Texas kò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn, nítorí náà ọ̀nà yín tẹ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo o. Ní California, ajogún gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ láàárín ọjọ́ 30, kó sì ní ìwé ẹ̀rí ààbò ìbọn. Ní New York, láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà kí ọwọ́ tó kan ìbọn ìléwọ́ rárá. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìhágún àti ìwé tí kóòtù fi yan àǹtí yín pa mọ́ pẹ̀lú ìbọn. Àwọn nìkan ló ń fi hàn pé ogún ni.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn wa kì í rántí: ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà lórí físà ìgbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ F-1 tàbí ti iṣẹ́ H-1B, òfin kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta níkàáwọ́, àfi àwọn ìyọsílẹ̀ díẹ̀ bíi láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú kò sí nínú èyí. Tí ọkọ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìyàwó sì wà lórí físà, inú àpótí irin tí ìyàwó kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni kí ìbọn wà. Mi ò béèrè ipò tiyín, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣáà jẹ́ kó wà létí yín.

Gbígbé e: nínú mọ́tò, kó ṣófo, kó wà nínú àpótí tí a tì pa, ní búùtù. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, àpótí líle tí a tì pa nínú ẹrù tí a fi sílẹ̀ ni, kí ó sì sọ fún wọn níbi ìforúkọsílẹ̀ pé ìbọn ni. Nínú báàgì ọwọ́, láéláé. Tí kò bá fẹ́ wàhálà, kí FFL kan ní Georgia fi ránṣẹ́ sí FFL kan ní Texas.

Ìyá Ìbejì TX:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Káàdì ìgbélùú ni mo ní, ara mi ti balẹ̀. Ọkọ mi ti yọ ọ̀pá rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Nọ́ńbà àti t bára mu níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, kò sí X, kò sí ìràwọ̀. Òǹtẹ̀ ṣì mú, ó ní òun fi èékánná mọ wíwú irin náà. Èèkù sán díẹ̀ lẹ́bàá ìdè lápá òsì. Inú ọ̀pá dúdú lápá kan, ṣùgbọ́n àwọn ilà inú rẹ̀ ṣì hàn.

Ọta mẹ́fà wà nínú mágásíìnì o! Orí wọn dúdú. Ṣé a lè yìn wọ́n? Ṣé kí a ra mágásíìnì Mauser kó lè bára mu?

Alágbẹ̀dẹ08:

Ẹ má yìn wọ́n. Àwọn olórí dúdú yẹn ni àwọn Jámánì ń pè ní mE: irin ló wà láàárín orí ọta dípò òjé, torí òjé wọ́n wọn. Wọ́n ti lé ní 80 ọdún. Èyí tó léwu jù ni èyí tó yìn láàbọ̀, tí orí ọta há sínú ọ̀pá, tí ẹnì kan sì tún fa tíríígà. Àwọn akójọ máa ń ra ọta yìí, ẹ fi wọ́n pa mọ́ gbígbẹ lọ́tọ̀.

Ìbọn náà gan-an ńkọ́? Tó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní yìn ín. Páànù òkè sláìdì lè fò yọ tí sípíríìnì rẹ̀ bá ti rẹ̀, ó sì máa ń gbé ojú ìfojúsùn ẹ̀yìn lọ. Ìdábùú lè sán. Ẹ ó rí ẹ̀yà mìíràn rà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà onínọ́ńbà bá fọ́ lára ìbọn tó bára mu, ìbárámu ti parí nìyẹn. Bó bá jẹ́ dandan, kí atúnbọnṣe yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ pààrọ̀ sípíríìnì, ọta 9 mm lásán oníwọ̀n 115 gíréénì ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ +P sí, tí agbára rẹ̀ ju ti lásán lọ.

Òǹtẹ̀Irin:

Lórí mágásíìnì, èmi á rà á. Ti Mauser máa ń ní P.38v pẹ̀lú idì 135. Ẹni tó bá fẹ́ ra byf 44 máa béèrè rẹ̀.

Ọlọ́jàGbàǹjo:

Èmi kò gbà, ọ̀gá mi. Ní ogun, mágásíìnì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, a sì ń rí ti Walther nínú ìbọn Mauser lójoojúmọ́. Ohun tí èyí ní tí òmíràn kò ní ni pé ó ti ọwọ́ ológun kan wá tààrà, pẹ̀lú àpò àti ìwé. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan, olùrà á béèrè pé kí lẹ tún pààrọ̀. Kí ó wà bó ṣe wá. Ẹni tó bá rà á, tó bá fẹ́ P.38v, yóò wá tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìtàn Normandy, torí owó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà ń tẹ̀ síwájú láti oṣù kìíní. Ìbọn tó wà ní t pẹ̀lú fírémù fọ́sífétì jẹ́ ti apá ìparí 1944. Ìjà Normandy parí nínú àkọsílẹ̀ ológun Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún yẹn. Kò lè jẹ́ Normandy ni wọ́n ti gba ìbọn tí wọn kò tíì ṣe. Kì í ṣe pé bàbá àgbà parọ́: ó lè ti jà ní Normandy lóòótọ́, kó wá rí ìbọn yìí ní Jámánì lóṣù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lẹ́yìn náà, kí ẹbí sì so méjèèjì pọ̀. Ẹ má kọ Normandy sínú ìwé títà. Ẹni tó mọ lẹ́tà máa rí i ní ìṣẹ́jú kan, kò sì ní gba ohunkóhun mìíràn tí ẹ bá sọ gbọ́.

Ẹ wá ìwé tó máa sọ òótọ́. Ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà yẹn ni WD AGO 53-55. DD-214, tó rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò tíì sí, 1950 ló bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ ẹ̀ka tó wà, àwọn ìjà tó jà, ọjọ́ tó kúrò ní Amẹ́ríkà àti ọjọ́ tó padà. Tí ẹ bá rí Rhineland (15 oṣù kẹsàn-án 1944 sí 21 oṣù kẹta 1945) tàbí Central Europe (22 oṣù kẹta sí 11 oṣù karùn-ún 1945), ó ti bá ìbọn yín mu. Fọ́ọ̀mù SF-180 lẹ ó fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ National Personnel Records Center ní St. Louis, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àwọn ológun pa mọ́ sí. Iná jó ibẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù keje 1973, ìwé bíi 80 nínú 100 lára ti àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1959 ló sì lọ. Tí wọ́n bá ní tirẹ̀ jóná, ẹ má ṣíwọ́: ẹ lọ sí kóòtù káńtì tó padà sí lẹ́yìn ogun. Ọ̀pọ̀ ológun ló forúkọ ìwé yìí sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Ẹ tún béèrè ìròyìn òwúrọ̀ (àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́) ti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀. Ẹ má retí ìwé tó máa sọ pé ìbọn 53xx t wà lọ́wọ́ ọ̀gágun Jámánì báyìí báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ sá.

Wàyí o, owó. Ẹ má wo iye tí àwọn èèyàn kọ sára ohun tí wọn kò tíì tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ò ní ìdíwọ̀n. Iye tí wọ́n ti tà á gan-an ni kí ẹ wá, láàárín oṣù 12 sẹ́yìn, byf 44 tó bára mu, tó jẹ́ dual tone, láì ní àmì ìkówọlé. Ẹ mú márùn-ún, ẹ yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, ẹ wo ibi tí mẹ́ta tó kù dúró sí. Ẹ wò ó bóyá iye tí wọ́n kọ ti ní owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ olùrà nínú. Ká ní olùrà san 1,500, tí owó olùrà jẹ́ 20 lórí 100, a jẹ́ pé 1,250 ni òòlù gbàǹjo lù lé. Bí wọ́n bá tún yọ 15 lórí 100 lọ́wọ́ ẹni tó tà á, 1,062 ni ó délé. Nítorí náà iye mẹ́ta ló wà lórí ìbọn kan, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn.

Lójú tèmi, ìbọn yín nìkan, pẹ̀lú èèkù tó sán àti ìpẹtà díẹ̀, wà láàárín 1,100 sí 1,500 dọ́là lọ́wọ́ akójọ. Àpò awọ tó bá ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́, ọdún, àti P.38 lẹ́yìn lè mú 150 sí 250 tí ìránṣọ rẹ̀ bá ṣì lágbára. Ẹ má fi òróró pa á o, òróró máa ń rẹ òwú rẹ̀ jẹrà. Ìwé ọ̀gá ológun yẹn ì bá níye gan-an ká ní nọ́ńbà ìbọn wà nínú rẹ̀. Láìsí nọ́ńbà, ó fi díẹ̀ kún un, pàápàá tí orúkọ bá bá 53-55 mu. Ẹ fi sínú ọ̀rá tí kò ní ásíìdì, ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́. 500 tí ṣọ́ọ̀bù yẹn fi lọ̀ yín, iye ẹni tó fẹ́ jèrè ìlọ́po méjì ni.

Tí ẹ kò bá tilẹ̀ ní tà á, ẹ jẹ́ kí adíyelé kan kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ti ọjọ́ tí bàbá kú. Iye ọjọ́ yẹn ni ìjọba máa fi ṣe ìpìlẹ̀ tí ẹ bá tà á lọ́jọ́ iwájú, kì í ṣe òfo tí bàbá àgbà fi gbà á. Ẹ sọ fún un pé iye ọjà ni ẹ fẹ́, torí iye tí adójútòfò ń lò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye ìrọ́pò ni. Ẹ má lo adíyelé tó ní òun fẹ́ rà á fúnra òun.

Fún títà, gbàǹjo tó ń ta ohun ìjà àtijọ́ nìkan ni kí ẹ wá, kí gbogbo rẹ̀ lọ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù kan: ìbọn, mágásíìnì Walther, àpò, ìwé, ẹ̀dà 53-55. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, ta ló ń san owó fọ́tò àti adójútòfò, ṣé a lè fi iye tó kéré jù lélẹ̀, èló sì ni wọ́n á gbà tí kò bá dé iye yẹn.

Ìyá Ìbejì TX:

Ọkọ mi ti kọ̀wé sí St. Louis lónìí, àǹtí á sì lọ wo kóòtù káńtì lọ́jọ́ Ajé. Àpò náà ní P.38 lẹ́yìn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́tà mẹ́ta mìíràn lókè 1943 ni. Màá gbé fọ́tò rẹ̀ síbí tó bá dé Texas.